Lánlọ́ọ̀dù lẹ ìwé mọ́ ògiri pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí ni ká ṣe?

Màmá Télọ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí orí mi ti fẹ́ẹ́ dàrú.

Mushin ni mò ń gbé, nínú ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ oníyàrá mẹ́wàá. Ọdún kẹfà mi rèé níbẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni tèmi, ọwọ́ ẹ̀yìn. Ọdọọdún ni mò ń san owó ilé. Oṣù kẹta ni mo san ti ọdún yìí, rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́ òní tí mo ti ọjà Ojúwòyè dé, mo bá àwọn ará ilé tí wọ́n rọ̀gbà yí ìdí mítà ká. Ìwé kan ni wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀ mọ́ ògiri, ewé tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ iléèwé, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

«SÍ GBOGBO AYÁLÉGBÉ. Àtúnṣe ilé yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. A máa fọ́ ilé ìgbẹ́ àti balùwẹ̀. A máa ṣí páànù ọwọ́ ẹ̀yìn. Kí oníkálukú kó ẹrù kúrò. Owó ilé tuntun lẹ́yìn àtúnṣe. Láti ọwọ́ Onílé.»

Ó tán. Kò sí ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, kò sí orúkọ, ẹnikẹ́ni ò buwọ́ lù ú. Bàbá onílé fúnra wọn kì í gbé ilé yìí, Ìkòròdú ni wọ́n wà. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń bá wọn mójú tó o, òun náà ló ń gba owó.

Kí ẹ má sọ pé abara-á-móore-jẹ ni mí: ó ti lé lọ́dún méjì tí a ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ilé ìgbẹ́ yẹn ṣe. Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́tàlélógún la wà nínú ilé. Tí wọ́n bá fọ́ ilé ìgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé, níbo ni ká wá... ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tó kù. Ẹ̀ẹ̀kejì, «kó ẹrù kúrò», ẹrù wo? Ti ìdáná ni àbí ti inú yàrá? Máṣíìnì ìránṣọ méjì ló wà ní pálọ̀ mi, pẹ̀lú aṣọ ẹbí tí mo gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ṣí páànù lórí mi nínú òjò oṣù kẹfà yìí, mo ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Ṣé ìwé ara ògiri yẹn tó ohun tí èèyàn ń pè ní ìwé? Àbí wọ́n ń fi ọgbọ́n lé wa ni?

Ejẹ́ńtì Ìyànà (Ọjọ́ Ẹtì, 9:05 alẹ́)

Màmá, ẹ kú oríire. Ní Èkó yìí, ayálégbé mélòó ló rí onílé tó fẹ́ náwó sórí ilé?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òun ló ni ilé. Ó lẹ ìwé, ó sọ fún yín. Òfin ò sọ pé ọjọ́ báyìí báyìí ni kó fi ṣáájú. Ẹ kó ohun tó ṣe é kó, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà wá bá ilé tó dáa. Owó á sì gòkè díẹ̀, bí ọjà ṣe rí nìyẹn.

Sísí Ṣómólú (Ọjọ́ Ẹtì, 9:11 alẹ́)

Ejẹ́ńtì, kí èèyàn 23 lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí? Ẹbí ta?

Akọ̀wé Àgbà (Ọjọ́ Ẹtì, 10:30 alẹ́)

Ejẹ́ńtì, ẹ sọ òótọ́ kan, ẹ fi mẹ́ta pamọ́.

Kì í ṣe lọ́yà ni mí o. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà, ọdún 14 ni mo ti fi ń tẹ ìwé ẹjọ́ onílé àti ayálégbé. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ ti sú mi.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpínlẹ̀ Èkó ni òfin ilé yíyá ti ọdún 2011, tó jáde nígbà ìjọba Fáṣọlá. Mushin wà lábẹ́ rẹ̀. (Ibi mẹ́rin ni wọ́n yọ sílẹ̀: Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀.) Òfin yẹn ní kí ayálégbé jẹ́ kí onílé tàbí ẹni tó bá rán wọlé wá wo bí ilé ṣe rí, kí wọ́n sì tún ibi tó bá yẹ ṣe. Nítorí náà, Màmá Télọ̀, ẹ ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ní kí onílé fi ìwé sọ ọ́ ṣáájú, kó jẹ́ ojúmọmọ, kó sì jẹ́ àkókò tó bójú mu. Òótọ́ tí Ejẹ́ńtì sọ nìyí: òfin ò ka iye ọjọ́. Àmọ́ kí wọ́n lẹ ìwé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n sì gbé òòlù dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí ilé ìgbẹ́ tí èèyàn 23 ń lò, èmi ò mọ adájọ́ tí yóò pe ìyẹn ní ohun tó bójú mu.

Òfin kan náà ló sọ pé iṣẹ́ onílé ni láti tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo yín jọ ń lò ṣe: páànù, ọ̀ọ̀dẹ̀, ilé ìgbẹ́, ṣọ́kàwéè. Kò gbọdọ̀ gba ohun àjọlò lọ́wọ́ yín, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ẹrù yín. Ẹ̀yin náà ní tiyín: tí nǹkan ńlá bá bàjẹ́ lára ilé, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ tètè sọ fún onílé. Ṣé ẹ ní ẹ̀rí pé ẹ ti sọ ọ́ láti ọdún méjì?

Ní ti lílé: ìwé yẹn kì í ṣe kúìtì nótíìsì. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, oṣù 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, àyàfi tí ẹ bá ti jọ kọ ohun mìíràn sínú àdéhùn. Olóṣooṣù, oṣù 1. Tí ìyẹn bá pé, ìwé ọjọ́ 7 pé onílé fẹ́ lọ gba ilé rẹ̀ ní kóòtù ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù. Òótọ́ ni pé àtúnṣe ńlá wà lára ohun tí adájọ́ lè tìtorí ẹ̀ dá ilé padà fún onílé. Àmọ́ adájọ́ ni o. Kì í ṣe ọmọ onílé àti káfíńtà.

Owó ilé tuntun ńkọ́? Èyí tí ẹ san ní oṣù kẹta, ó di oṣù kẹta tó ń bọ̀. Kò sí àtúnṣe tó lè gé e kúrú.

Bíríkìlà Ọgbọ́n-Ọdún (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:15 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé dára, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ò mọ òfin. Màmá, ilé ìgbẹ́ mélòó ló wà nínú ilé? Ṣé gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́? Ta ló ti yẹ ṣọ́kàwéè wò?

Màmá Télọ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Méjì ni. Ọ̀kan ti dí láti ọdún tó kọjá, a ti fi igi dábùú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹyọ kan tó kù ni gbogbo wa ń tò sí. Ṣọ́kàwéè, n ò mọ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, òórùn rẹ̀ máa ń wọlé.

Akọ̀wé, ẹ̀rí kankan ò sí. Ẹnu la fi sọ ọ́ fún ọmọ wọn, ní gbogbo ìgbà tó bá wá gba owó.

Bíríkìlà Ọgbọ́n-Ọdún (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 àárọ̀)

Ó ti yé mi. Iṣẹ́ tiwa nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀.

Èyí tó dí ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan èyí tó ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n fọ́ ilẹ̀ èyí tó dí, kí pọ́lọ́ńbà wo páìpù, kí wọ́n da kọnkéré, kí wọ́n lẹ táìsì, kí wọ́n gbé àwo kalẹ̀. Bíríkìlà kan àti lébírà kan, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tí wọ́n bá gbé àwo kalẹ̀ lónìí, ẹ má jókòó lé e lónìí. Ẹ fún sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ méjì ó kéré tán, tí ẹ bá jókòó lé e ní tútù, ó máa mì, omi á máa yọ nídìí rẹ̀, ẹ ó sì tún fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí èèyàn 23 bá ti ń lo tuntun ni kí wọ́n tó fọ́ èyí àtijọ́. Bíríkìlà tó bá ní òun fẹ́ fọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó ọ̀sẹ̀ ló ń wá, kò ro tiyín.

Òórùn tí ẹ sọ yẹn ni ẹjọ́ gan-an. Tí ṣọ́kàwéè bá kún, ẹ lè fi góòlù ṣe àwo, kò ní lọ. Kí wọ́n ṣí i wò kí wọ́n tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan.

Ní ti páànù: kí wọ́n má yọ ìṣó kan ṣoṣo títí páànù tuntun, igi àti ìṣó yóò fi wà nílẹ̀ nínú ilé. Mo ti rí i lójú ara mi níbi tí onílé ti ní kí wọ́n ṣí òrùlé, «ọkọ̀ páànù ń bọ̀ lọ́nà», ọkọ̀ ò dé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Apá ẹ̀yìn ilé bẹ́ẹ̀, tí igi rẹ̀ bá ṣì le, káfíńtà mẹ́ta á parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Tí ìkán bá ti jẹ igi, ó di ọjọ́ mẹ́rin. Kí tapólì wà nítòsí, láìka bí ojú ọ̀run ṣe mọ́ tó.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í bìkítà fún: tí sílíìnì yín bá jẹ́ asbestos àtijọ́, èyí tó rí bíi páálí líle tó funfun ràkọ̀ràkọ̀, kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí àwọn ọmọ má sì sí níbẹ̀. Eruku rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Onílé Peckham (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:02 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu onílé sọ̀rọ̀, kó má dà bíi pé ọ̀daràn ni gbogbo wa.

Mo ní ilé kan ní Sàngó Ọ̀tà, fúláàtì mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá páànù ń jò. Mo fowó ránṣẹ́, asọ́lé kọ ọ́ sórí Whatsapp ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó kọ ọjọ́, ó kọ aago. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ayálégbé òkè kan ti rin ìrìn àjò, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Káfíńtà jókòó títí di ọ̀sán, mo san owó ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, sílíìnì ẹni ìsàlẹ̀ jábọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ta ni wọ́n ní kó san án? Èmi náà ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ayálégbé, tí ìwé bá dé, ẹ fèsì. Tí ẹ ò ní sí nílé, ẹ sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo máa tako ara mi díẹ̀. Ní Peckham tí mo wà yìí, ní London, èmi náà ayálégbé ni. Òfin ọdún 1985 níbí sọ pé tí onílé bá fẹ́ wọlé wá wo ohun tó nílò àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé, kó fún mi ní wákàtí 24 ó kéré tán, kó sì wá ní àkókò tó bójú mu. Wọ́n máa ń kọ ọ́: ọjọ́ báyìí, láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́rin, pọ́lọ́ńbà ni, ìdáná ló fẹ́ wọ̀. Ìlà mẹ́ta péré. Bí mo ṣe máa ń gba ìwé yẹn níbí ló jẹ́ kí n mọ bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀tà.

Sísí Ṣómólú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Peckham, tiyín wákàtí 24. Tiwa, tí o bá ti gbọ́ ìró òòlù lórí rẹ, o ti gba ìwé nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Agége (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:48 àárọ̀)

Màmá Télọ̀, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi.

Ní ilé tí mo ti kúrò, «àtúnṣe» náà ni wọ́n pè é. Onílé fẹ́ sọ ilé di ṣọ́ọ̀bù, kò sọ fún wa bẹ́ẹ̀. Ó rán èèyàn wá pẹ̀lú ìwé pé ká fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Aládùúgbò mi tó jẹ́ tíṣà ló kà á fún mi: nínú ìlà kẹrin, ó ní «èmi ayálégbé gbà láti kó jáde nítorí àtúnṣe». Èmi àti tíṣà ò fọwọ́ sí i. Àwọn mẹ́ta fọwọ́ sí i, wọ́n rò pé ìwé àtúnṣe ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n wá ṣí páànù lórí àwa méjì tí a ò fọwọ́ sí i. Ọ̀sán gangan. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń gbé àwọn ọmọ mi láti igun kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀dì tí mo ra nígbà ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi wú bíi búrẹ́dì inú tíì. N ò lè gbàgbé rẹ̀.

Ẹnì kan ló júwe Citizens Mediation Centre fún mi, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bá èèyàn parí ìjà láìdé kóòtù. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kọ ìwé pe onílé, ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe agídí, nígbà tó yá ó wá. Owó ilé oṣù tó kù fún mi ló dá padà, pẹ̀lú owó bẹ́ẹ̀dì, a sì fi ìrọ̀rùn kúrò. Kò tó ohun tí ojú mi rí, ṣùgbọ́n mi ò gba lọ́yà, mi ò sì lo ọdún méjì ní kóòtù.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò kà tán. Tí wọ́n bá ní ó yá kíákíá, ìyẹn gan-an ni ká má fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé Àgbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:20 ọ̀sán)

Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn, ọ̀ràn ni. Onílé tó bá wó ilé tàbí tó yí i padà kí ayálégbé lè sá jáde, láìsí àṣẹ kóòtù, òfin 2011 ní kó san owó ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6. Ká halẹ̀ mọ́ ayálégbé náà wà nínú rẹ̀.

Ejẹ́ńtì Ìyànà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ ti ń dẹ́rù ba Màmá. Gbogbo onílé kọ́ ló ń sọ ilé di ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ sì tún wo apá kejì. Ilé ń wó ní Èkó. Ẹ rántí ilé Ìta Fàájì ní oṣù kẹta ọdún 2019, tí àwọn ọmọ wà níléèwé nínú rẹ̀. Tí onílé bá rí ògiri tó ń là, ṣé kó jókòó máa kọ lẹ́tà tó ní ìlà mẹ́ta? Àtúnṣe kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé Àgbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:40 ọ̀sán)

Níbẹ̀ mo fara mọ́ ẹ. Tí ilé bá ti léwu, kí wọ́n kó èèyàn jáde lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì pe LASBCA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ilé ìgbẹ́ tó ti dí láti ọdún tó kọjá, tó sì wá di kánjúkánjú lójijì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Ejẹ́ńtì, ẹ jọ̀ọ́.

Sísí Ṣómólú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:05 ọ̀sán)

Ẹ dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí n bèèrè tèmi kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mo fi owó ara mi lẹ táìsì sí yàrá mi, mo sì kun ún. Onílé rí i, ó ní «ẹ ṣeun, ó dára». Ní báyìí ó fẹ́ kí n kúrò. Ṣé mo lè gba owó táìsì mi?

Akọ̀wé Àgbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:30 ọ̀sán)

Tó bá jẹ́ pé ó fi ìwé fún yín láṣẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni: tí onílé bá lé ayálégbé, ẹ lè bèèrè owó ohun tí ẹ fi kún ilé. «Ẹ ṣeun, ó dára» kì í ṣe ìwé. Ká tilẹ̀ sọ òótọ́, ayálégbé ò gbọdọ̀ yí nǹkan padà lára ilé láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ wá inú Whatsapp yín bóyá ó kọ nǹkankan síbẹ̀ nígbà náà. Ó lè ràn yín lọ́wọ́, n ò ṣèlérí.

Sísí Ṣómólú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:33 ọ̀sán)

Vóísì nóòtì ló wà níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:00 ìrọ̀lẹ́)

Èmi ò sí ní Èkó, Ìbàdàn ni mo wà, òfin tí Akọ̀wé ń kà yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ti ń sáré jù. Ẹni tí ẹ kò tíì rí ojú rẹ̀, ẹ ti fẹ́ ka òfin sí i létí? Àgbàlagbà tó wà ní Ìkòròdú, tí lẹ́tà oníbuwọ́lù mẹ́wàá bá dé bá a láti ọ̀dọ̀ ayálégbé, ẹ ti bú u nìyẹn lójú ara rẹ̀. Látọjọ́ yẹn lọ, ìjà ni.

Nínú ilé tiwa, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun sí àárín ọgbà, àgbà ilé àti àwọn obìnrin méjì ló lọ bá onílé lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé ó fẹ́ ṣe nǹkan rere. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, «Bàbá, ibo la máa sá aṣọ sí?» Ó rẹ́rìn-ín. Ó sún kànga sí ẹ̀gbẹ́.

Akọ̀wé Àgbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ Mọ́kọ́lá, mo gbà fún ẹ. Kí wọ́n lọ. Kí wọ́n kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé wà nínú báàgì, nítorí ẹ̀rín kò ṣe é mú lọ sí Mediation. Màmá, tí Bàbá bá ti gbà lẹ́nu, ẹ mú èyí jáde pé «kí a má bàa gbàgbé ni»:

«Bàbá wa, ẹ kú ìtọ́jú. A rí ìwé àtúnṣe tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, a sì fara mọ́ àtúnṣe náà. A jọ fẹnu kò sí nǹkan wọ̀nyí: ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, yàrá tí òṣìṣẹ́ máa wọ̀ àti aago tí wọ́n máa wọ̀ ọ́, ilé ìgbẹ́ tí a ó máa lò kí tuntun tó gbẹ, ẹni tó máa dáhùn tí ẹrù ẹnikẹ́ni bá bàjẹ́. Àtúnṣe yìí kì í ṣe ìwé pé kí a kó jáde. Owó tí oníkálukú ti san dúró títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé.»

Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí Bàbá buwọ́ lu méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Kí ẹ sì fi fóònù ya yàrá yín lónìí: sílíìnì, ògiri, máṣíìnì méjèèjì. Tí omi bá kan nǹkankan, ẹ ó mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Màmá Télọ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 7:55 alẹ́)

A lọ o.

Àwa mẹ́ta ni: èmi, bàbá yàrá kejì tó pẹ́ jù nínú ilé, àti ìyàwó rẹwáyà. A ra búrẹ́dì àti ọsàn dání. Bàbá gbà wá dáadáa. Mo fún wọn ní fóònù mi kí wọ́n ka ìwé ara ògiri. Wọ́n ní kí wọ́n bá wọn mú gíláàsì wọn wá, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé ojú sókè: «Ta ló kọ owó ilé tuntun síbí?»

Àṣé wọn ò mọ̀. Owó àtúnṣe ni wọ́n fún ọmọ wọn, òun ló fi èyí tó kù kún un. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ní láti ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ilé ìgbẹ́ ń fẹ́ àtúnṣe. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ̀, etí ọmọ ló ń wọ̀, kò dé Ìkòròdú rí. Wọ́n bínú sí wa gan-an lórí ìyẹn: «Ẹ ò lè pè mí?» A ò ní nọ́ńbà wọn. Wọ́n fún wa.

Ohun tí a fẹnu kò sí: èyí tó dí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, láti ọ̀la. Èyí tó ń ṣiṣẹ́, ó di ìgbà tí tuntun bá gbẹ. Páànù di ọjọ́ Ajé lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ jíṣẹ́, kí páànù sì ti wà nílẹ̀. Àwọn ló máa ra tapólì. Ẹrù inú yàrá kì í jáde, ti ìdáná nìkan ni.

Owó ilé, wọ́n ní wọ́n máa fi kún un, wọn ò tan wá. Ṣùgbọ́n ó di oṣù kẹta, àwọn sì máa kọ ọ́ fún oníkálukú ṣáájú. Bàbá yàrá kejì ní ká má jà lórí ìyẹn lónìí.

Nígbà tí mo mú ìwé Akọ̀wé jáde, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n kà á, wọ́n ní «ta ló kọ èyí fún yín?» Mo ní ọ̀rẹ́ ni. Wọ́n buwọ́ lù ú. Wọ́n wá ní kí n fi «àwọn ayálégbé ò gbọdọ̀ da omi ọbẹ̀ sínú ilé ìgbẹ́» kún un. A fi kún un.

Ejẹ́ńtì Ìyànà (Ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́)

Omi ọbẹ̀! Bàbá yẹn mọ ohun tó dí i.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àìkú, 8:31 alẹ́)

Mo ní kí ẹ kúnlẹ̀, àbí n ò sọ ọ́?

Akọ̀wé Àgbà (Ọjọ́ Àìkú, 8:34 alẹ́)

Ìwé inú báàgì náà ńkọ́?

Màmá Télọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀)

Bíríkìlà ti dé, àwọn méjì. Ọmọ onílé náà wà níbẹ̀, kò wo ojú mi, ṣùgbọ́n ó ti ya ìwé pupa yẹn kúrò lára ògiri. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bíríkìlà wa, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ṣọ́kàwéè. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

Bíríkìlà Ọgbọ́n-Ọdún (Ọjọ́ Ajé, 9:52 àárọ̀)

Wọ́n ṣí i?

Màmá Télọ̀ (Ọjọ́ Ajé, 10:20 àárọ̀)

Wọ́n ṣí i. Ó kún dé ẹnu. Gbogbo wa ti sá jáde sí títì.

Bíríkìlà Ọgbọ́n-Ọdún (Ọjọ́ Ajé, 10:23 àárọ̀)

Mo mọ̀. Ẹ pe Bàbá lórí nọ́ńbà tuntun yẹn báyìí, kí wọ́n fowó ọkọ̀ tó ń kó o ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má po sìmẹ́ńtì títí ọkọ̀ yóò fi dé.